Màmá Fẹ́ Lọ Wo Ọmọ-ọmọ ní Ìlú Ọba: Bí A Ṣe Tún Ìwé Físà Wọn Kọ

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ dé, ilé wa ní Kàdúná pa rọ́rọ́. Oyún àbúrò wa obìnrin ti pé oṣù mẹ́jọ ní Leeds, Màmá sì ti ra ọṣẹ dúdú, òrí àti ọ̀já tí wọn yóò fi pọn ọmọ. Lẹ́tà náà ní kò dá òṣìṣẹ́ físà lójú pé àlejò tòótọ́ ni Bàbá àti Màmá, pé kò sì gbà pé wọn yóò padà sílé nígbà tí àkókò wọn bá pé. Màmá, ẹni ọdún 68, tí wọn kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn odi Kàdúná láti ìgbà tí wọ́n ti ní ìsọ̀ lọ́jà! Wọ́n bi wá pé, "Ta ló sọ fún wọn pé mo fẹ́ jókòó síbẹ̀?" A kò lè dá wọn lóhùn. Nígbà tí a tún ìwé tí a fi ránṣẹ́ kà, a rí i pé àwa gan-an la sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà wá ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Kánò àti Àbújá ló ní ọmọ lókè òkun, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ló sì ń gbèrò láti mú òbí wá kí yín. Ìdí nìyí tí àwa ọmọ mẹ́ta tó kù sílé fi ní ká sọ ohun tí ojú wa rí. Físà àbẹ̀wò sí Ìlú Ọba nìkan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé o. Ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ní òfin tiwọn.

Standard Visitor ni wọ́n ń pe físà náà. Ẹni tó bá gbà á kò lè lò ju oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orí ìkànnì ìjọba wọn, gov.uk, la ti ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sì ṣeé kọ bí ìrìn àjò bá ṣì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n sọ owó rẹ̀ di £127. Ẹ tún un wò kí ẹ tó san, nítorí wọ́n máa ń fi kún un. Ọmọ tó wà lọ́hùn-ún lè fi káàdì rẹ̀ san án. Tọkọtaya kò lè wà nínú fọ́ọ̀mù kan: Bàbá ní tiwọn, Màmá ní tiwọn, kálukú pẹ̀lú owó tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, owó kò padà. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí àwọn tó fẹ́ lọ kí ẹbí ń pè láyé àtijọ́ pàápàá, wọ́n ti fagi lé e láti oṣù kẹfà ọdún 2013. Ohun tó kù ni ká tún ìwé mìíràn kọ, ká tún owó mìíràn san.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe nígbà àkọ́kọ́. A gba àjẹ́ǹtì kan tó ní òun mọ ọ̀nà. Ó wo Màmá láti òkè dé ilẹ̀, ó ní wọn kò jọ ẹni tí wọ́n ń fún ní físà. Ló bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé oníṣòwò ńlá ni wọ́n, pé ₦1,500,000 ni wọ́n ń pa lóṣù. Ó ní ká gbé owó sínú àkántì wọn kó lè lágbára. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin lọ yá ₦6,000,000, ó sọ ọ́ sínú àkántì Màmá nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá ká gba sítétímẹ́ńtì. Àjẹ́ǹtì tún ní ká má dárúkọ ọmọ tí wọ́n ń retí rárá, pé bí òyìnbó bá gbọ́ pé ìyá àgbà ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, wọn yóò ní iṣẹ́ ló ń bọ̀ wá ṣe. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn pé ìgbafẹ́ ni Bàbá àti Màmá ń bá lọ fún oṣù mẹ́fà, pé wọ́n fẹ́ wo ààfin ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Leeds tí àbúrò wa ń gbé jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó bí 300 kìlómítà.

Gbogbo rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ físà tò sínú lẹ́tà. Owó ńlá kan wọ àkántì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a kò sọ ibi tó ti wá. Ohun tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ kò sún mọ́ ₦1,500,000. Kò sí bébà kan ṣoṣo tó fi hàn pé Màmá ní ìsọ̀. Kò sì rí ìdí tí àgbàlagbà méjì tí kò jáde ní Nàìjíríà rí yóò fi wá gbafẹ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Inú bí wa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ara wa balẹ̀, a rí i pé bó bá jẹ́ àwa la jókòó sídìí tábìlì yẹn, àwa náà yóò kọ̀. Orí ló tilẹ̀ yọ wá, nítorí ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó purọ́ tàbí pé ó lo ayédèrú ìwé lè wà láìrí físà wọn gbà fún ọdún 10.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ẹ̀bí àbúrò wa. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú fóònù ni Màmá ti rí ọmọ, wọ́n ń júwe bí wọn yóò ṣe fi òrí pa á lára, bí wọn yóò ṣe nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀; ọmọ ń ké, íntánẹ́ẹ̀tì ń já, Màmá sì ń pariwo sí fóònù bí ẹni pé igbe ni yóò gbé ọ̀rọ̀ dé Leeds. Lálẹ́ ọjọ́ náà la pinnu pé a óò tún ìwé náà kọ, láìsí àjẹ́ǹtì.

Kí a tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, a jókòó ti Màmá nínú ọgbà, a bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ ń ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́? Ta ló mọ̀ yín? Ta ni yóò máa wá yín bí ẹ kò bá sí nílé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé a ti gbàgbé ni. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Ohun tí òfin àbẹ̀wò ń béèrè kò le: pé ìdí ìrìn àjò jẹ́ òtítọ́, pé àlejò yóò padà, pé kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé kò ní fi àbẹ̀wò lemọ́lemọ́ sọ ibẹ̀ di ilé, pé owó tí yóò gbé e lọ tí yóò gbé e bọ̀ wà. Kò síbi tí wọ́n kọ iye pàtó tó gbọ́dọ̀ wà ní àkántì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń béèrè ni ẹ̀rí wà, bébà nìkan ni òṣìṣẹ́ náà sì ń wò. Kò ní gbọ́ ohùn Màmá, kò ní rí bí gbogbo ọjà ṣe ń kí wọn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún àwọn òbí bíi tiwa, nítorí ayé tí wọ́n gbé kò bá ìwé rìn. Epo pupa, èlùbọ́ àti gààrí ni Màmá ń tà. Wọn kì í gba owó oṣù, wọn kì í kọ rìsíìtì. Àmọ́ wọ́n ń dá àjọ, ₦2,000 lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọn kò sì da káàdì àjọ kankan nù. Inú agolo bisikí-ìtì la ti bá wọn, tí wọ́n fi rọ́bà dì wọ́n ní ọdọọdún. Alájọ kọ lẹ́tà kan, ó fọwọ́ sí i, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. A ṣe fọ́tòkópì káàdì ọdún méjì tó kẹ́yìn. A wá fi yẹ́ńdì sàmì sí sítétímẹ́ńtì níbi tí owó àjọ ti wọ báǹkì ní ìparí oṣù, kí ẹni tó ń kà á lè rí i pé owó inú káàdì àti owó inú báǹkì bára mu. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà fún wọn ní lẹ́tà pé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, pé nọ́ńbà ìsọ̀ wọn nìyí, pé wọ́n ń san owó ìsọ̀ déédéé. A fi rìsíìtì owó ìsọ̀ tì í. A tún ya fọ́tò Màmá níwájú kẹ́ẹ̀gì epo wọn. Bóyá ó wúlò, bóyá kò wúlò, a kò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rẹwà níbẹ̀.

Ní ti owó báǹkì, oṣù márùn-ún la fi dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀. Òfin kò ní ká dúró, ẹni tí kò bá sí ọ̀rọ̀ irọ́ nínú tirẹ̀ lè kọ ìwé mìíràn lọ́jọ́ kejì. Àwa la fẹ́ kí sítétímẹ́ńtì oṣù mẹ́fà mọ́. A dá ₦6,000,000 ẹ̀gbọ́n wa padà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni Màmá ń gbé owó ọjà wọn gan-an lọ sí báǹkì, nǹkan tí ì bá ti dára kí wọ́n máa ṣe tipẹ́. Nígbà tí a ṣírò èrè tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ọjà, ó jẹ́ bí ₦210,000 lóṣù. Iye yẹn la kọ. Ẹ̀gbọ́n wa bẹ̀rù pé ó kéré jù. A rán an létí pé kì í ṣe Màmá ni yóò san owó ọkọ̀ òfurufú, àbúrò wa àti ọkọ rẹ̀ ni, òfin sì gba kí ẹbí ẹni gbọ́ bùkátà àlejò, bó bá ti hàn pé ọwọ́ wọn ká a.

Ìwé ti àbúrò wa náà kì í ṣe kékeré. Nígbà àkọ́kọ́, lẹ́tà ìkésíni tó fi ránṣẹ́, ó wò ó kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò sì dárúkọ Màmá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: ọjọ́ tó bímọ, bí iṣẹ́ abẹ ṣe rí, yàrá tí Màmá yóò sùn, ọjọ́ tí wọn yóò dé, ọjọ́ tí wọn yóò padà, ta ni yóò san kí ni. Ó fi ìwé ẹ̀rí ìbí tirẹ̀ tí orúkọ Màmá wà nínú rẹ̀ sí i, àti ti ọmọ tuntun. Ó fi àdéhùn ilé tí wọ́n yá sí i, àti kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó fi ìwé ìgbélùú rẹ̀ hàn, nítorí káàdì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Ohun kan fẹ́ kó wa láyà sókè: ó wà nínú ìsinmi ìbímọ. Níbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, owó ìsinmi tí òfin là sílẹ̀ máa ń já wálẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀ ìgbà náà kò sì dùn ún wò. Ọkọ rẹ̀ ló fi ìwé owó oṣù àti sítétímẹ́ńtì tirẹ̀ kún un, ó sì kọ lẹ́tà tirẹ̀ náà sí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń pe òbí wá lásìkò ìbímọ, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó wá ku ìdí ìrìn àjò. Ṣé ká sọ ọ̀rọ̀ ọmọ àbí ká má sọ ọ́? A lọ ka ìtọ́ni tí ìjọba wọn kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ físà. Kò pamọ́, ó wà lórí ìkànnì wọn fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ó gbà kí ẹbí wá bá ni wo ọmọ fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá ti di pé wọ́n gbà á síṣẹ́ ọmọ wíwò. Ohun tí àjẹ́ǹtì fi dẹ́rù bà wá, òfin ti ro ó tẹ́lẹ̀! A kọ ọ́ bó ṣe rí: Màmá fẹ́ lọ rí ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n se oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. A kò béèrè oṣù mẹ́fà. Oníṣòwò wo ló ń ti ìsọ̀ fún oṣù mẹ́fà? Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà ni yóò dúró fún wọn, a sì kọ ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gbà wá lákòókò ju bí a ṣe rò lọ. Nínú ìwé ìrìnnà, orúkọ Bàbá ni orúkọ ìdílé Màmá. Nínú ìwé ẹ̀rí ìbí àbúrò wa, orúkọ ilé bàbá wọn ni akọ̀wé ilé ìwòsàn kọ. Kóòtù la lọ, Màmá búra pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Ìwé alájọ kan sì wà tó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Gbogbo ohun tí kò bá sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a gbọ́dọ̀ fi ìtumọ̀ tì, kí orúkọ, ọjọ́ àti ìfọwọ́sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kùtọnu àti Lọmẹ́, tí ìwé yín jẹ́ Faransé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ti Bàbá ló le. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọdún 1949 ló wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn, ọdún 1951 ló wà nínú ìwé ìrìnnà. Ìgbà tí wọ́n bí wọn, ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀? Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n yóò gba oṣù púpọ̀, ìwé ìrìnnà tuntun sì ti di ₦100,000 fún ọlọ́dún márùn-ún láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyá yín kọ́kọ́ lọ. Ta ni yóò gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé?" Ìyàwó ilé tó kù sílé jẹ́ ìdí láti padà, ọkọ tó kù sílé náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, a kọ ọ́ sínú lẹ́tà Màmá, a fi ìwé ilé àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì Bàbá tì í. A kò sọ pé kí ẹ torí físà pín tọkọtaya o. Inú wa kò dùn sí i títí di òní.

Fọ́ọ̀mù béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ wá rí. Àjẹ́ǹtì tí a ti lé kúrò gbọ́ sí i, ó pè, ó ní ká kọ "rárá", pé kọ̀ǹpútà wọn kò lè rántí. Ìka ọwọ́ Màmá ni wọ́n gbà nígbà àkọ́kọ́. Báwo ni kò ṣe ní rántí? A kọ "bẹ́ẹ̀ ni", a kọ ọjọ́ rẹ̀, a fi lẹ́tà kan ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ pátápátá: ibi tí ₦6,000,000 ti wá, ibi tó padà sí, ẹni tó kọ ₦1,500,000, àti pé àwa la fi ọwọ́ sí i láìkà á fún Màmá. Ìyẹn ló ṣòroó kọ jù nínú gbogbo rẹ̀. Màmá ní ká kà á fún àwọn ní Yorùbá. Nígbà tí a kà á tán, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí," wọn kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbújá la ti lọ ya fọ́tò, tí a sì tẹ ìka. Bàbá ta kú pé ọkọ̀ ojú irin ni ká wọ̀, láti Rìgásà dé Ìdù, wọ́n sì tẹ̀ lé wa nítorí ọkọ̀ náà ju nítorí físà lọ. Ìgbéyàwó kan wà ládùúgbò lọ́sẹ̀ náà, àwọn obìnrin fẹ́ kun làálì sí Màmá lọ́wọ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí làálì àti ọgbẹ́ lè dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti ka ìka. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún pẹ́ kó tó mú àtàǹpàkò wọn. Àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì ti pa ìlà rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi dáhùn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ímeèlì dé. Wọ́n fún Màmá.

Ẹrù dídì tún jẹ́ ìjà mìíràn. Kílíṣí tí Màmá rà fún ọkọ ọmọ wọn kò lè lọ, nítorí wọn kò gba ẹran tàbí wàrà tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹja gbígbẹ lè lọ, kó ṣáà má ju 20 kìlógíráàmù lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú àpò ọwọ́ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. A ra ìdánilójú ìlera ìrìn àjò fún wọn, nítorí ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ máa ń gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ àlejò, iye náà sì máa ń ju iye gidi rẹ̀ lọ ní ìdajì. Fọ́tòkópì gbogbo ìwé wà nínú àpò kan náà. A kò kọ́ wọn ní àkọ́sórí. A kàn ní bí òṣìṣẹ́ ibodè bá béèrè, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe. Ní Manchester, obìnrin tó yẹ ìwé wọn wò bi wọ́n pé ta ni wọ́n wá rí. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò pọ̀. Wọ́n na fóònù sí i, wọ́n fi fọ́tò ọmọ hàn án.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Màmá ti ń pè lójoojúmọ́ láti béèrè iye tí kẹ́ẹ̀gì epo dé. Wọ́n padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pé. A fi ìwé ìwọkọ̀ òfurufú wọn, àlọ àti àbọ̀, sínú fáìlì kan náà tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ wà. Bàbá ti gba ìwé ìbúra ọjọ́ orí wọn ní kóòtù. Ní àná, wọ́n ní ká wá bá àwọn ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.